Kí Àlọ́ Tí À Ń Pa Ní Kíláàsì Lè Dé Ọ̀dọ̀ Gbogbo Ọmọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí èdè Yorùbá. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni àbá tí òǹkàwé yín kan mú wá, pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dá àlọ́ pípa padà sínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, àwọn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu wọn lọ sí iyàrá mìíràn, kí wọ́n má baà dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Apá àkọ́kọ́ àbá náà dára, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Apá kejì ni n kò lè gbà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń kọ́ ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì mọ̀ dájú pé bí ẹ̀kọ́ kan bá wà tí gbogbo ọmọ lè jọ jókòó tì, àlọ́ ni, bí olùkọ́ bá ti lè tún un tò kí ó bá oríṣiríṣi ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ mu.

Títún àlọ́ tò fún ọmọ kì í ṣe àṣà àjèjì. Nígbà tí àwọn ìyá wa àgbà ń pàlọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá náà wà níbẹ̀. Ìyá àgbà mọ èyí tí etí rẹ̀ wúwo, yóò ní kí ó sún mọ́ òun. Ó mọ èyí tó ń bẹ̀rù iwin, yóò sì fi ẹ̀rín gbé e kọjá níbi tí iwin ti yọjú. Ó mọ èyí tí ara rẹ̀ kì í gba ìjókòó, òun ni yóò rán lọ bu omi wá láàárín àlọ́, tí ìyẹn yóò sáré padà wá bá wọn gbè. Mímọ̀ tó mọ àwọn ọmọ náà ló fi ń ṣe é. Olùkọ́ kì í bá ọmọ gbélé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pọ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi má ju 25 lọ fún olùkọ́ kan, kí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má sì ju 35 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé níbi púpọ̀ ni a ti kọjá iye yìí. Nígbà tí ọmọ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń yá olùkọ́ lára ni kí ó kọ àlọ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ máa kà á tẹ̀lé e, kí wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé kíkà nìyẹn, kì í ṣe àlọ́ mọ́, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà sì ti wà lẹ́yìn òde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àlọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, kò rí ọmọ bí, Ìjàpá sì lọ bá babaláwo. Babaláwo se àsèjẹ fún un kí ó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn àsèjẹ fa Ìjàpá lójú ọ̀nà, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì sáré padà lọ bẹ babaláwo pẹ̀lú orin tí ègbè rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, alugbinrin.

Ègbè yẹn ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀pọ̀ akólòlò ni ọ̀rọ̀ kì í há mọ́ lẹ́nu bí wọ́n bá ń kọrin, tàbí bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó jẹ́ pé bí a bá bi í ní orúkọ rẹ̀, yóò di ojú, yóò máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, orúkọ náà kò ní jáde. Nígbà tí a dé ibi ègbè, ó bá wa gbè é, kò sì há. A gbè é títí ó fi mọ́ ọn lára, mo wá ní kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ lé orin. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí babaláwo sọ, èmi náà sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èyí kò wo kólòlò, n kò sì fẹ́ kí òbí kankan rò pé mo ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kópa nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó já gaara. Bí a bá ti kó o lọ sí iyàrá mìíràn gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé yín ṣe fẹ́, ègbè wo ni yóò dá gbè níbẹ̀? Mo tún bẹ àwọn olùkọ́ àti òbí pé kí a yé bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a sì yé sọ fún un pé kí ó yára sọ ọ́. Ìkánjú àti ìtìjú a máa mú kólòlò le sí i.

Ọ̀rọ̀ etí ló ká mi lára jù. Etí tó ń ṣọyún pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ òbí ló sì máa ń fi òróró sí i tí wọn yóò máa retí pé yóò lọ fúnra rẹ̀, dípò kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tó ní irú etí bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ wa dáadáa lónìí, kí ó má gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi máa ń pè é ní olóríkunkun, tí a ó ní ó ń gbọ́ nígbà tó bá wù ú. Olùkọ́ tó bá fẹ́ pàlọ́ fún un kò nílò ẹ̀rọ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà jókòó níwájú, níbi tí yóò ti máa rí ètè òun. Kí òun fúnra rẹ̀ má dúró síbi tí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn a máa mú ojú ẹni ṣókùnkùn. Kí ó má sì kọ ojú sí pátákó kí ó tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó kó àwọn ohun inú àlọ́ wá sínú agbọ̀n kan: ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí, àti aṣọ tí ẹni tó ń ṣe Ìjàpá yóò máa kì sábẹ́ ẹ̀wù díẹ̀díẹ̀ bí ikùn ṣe ń wú. Nígbà tí orin bá dé, a máa ń lu tábìlì onípákó tó wà láàárín wa. Ọmọbìnrin kan tí kì í gbọ́ràn dáadáa a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì náà, ìlù a gba ọwọ́ rẹ̀ wọ ara, òun náà a sì la ẹnu fún ègbè ní àsìkò kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tọ́ ọ.

Ní ìgbà òjò, nígbà tí òjò bá ń lu páànù ilé-ẹ̀kọ́ wa, kò sí ọmọ kan tó ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a ní kí àwọn ọmọ fi orí lé tábìlì kí wọ́n sinmi. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ń fi ọwọ́ àti ojú pàlọ́, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan: ọwọ́ tó ń ṣí ìdérí, imú tó ń gbóòórùn, ojú tó ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ọwọ́ lórí ikùn. Nígbà náà, ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo kò yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́, òun ló tilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí a dé. Fún ọmọ tó jẹ́ adití pátápátá, èdè ọwọ́ ni ó yẹ kí a fi pàlọ́ fún un. Ó ti pẹ́ tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọdún 1960. Ó dùn mí pé títí di ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ bíi tèmi ni kò ní ànfààní láti kọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú èdè yẹn nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

Àlọ́ àpamọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó ni kò dára. A ó pa á, ọmọ méjì tó já fáfá yóò ti pariwo ìdáhùn kí àwọn yòókù tó gbọ́ ìbéèrè tán. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ èyí tó rí jáde ní ọdún 1974. Ó rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn tó bá béèrè ọ̀rọ̀, àti pé nígbà tí àwọn olùkọ́ bá dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ a máa gùn sí i, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ tí kò mọ nǹkan a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Mo gba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níyànjú pé kí wọ́n dán èyí wò pẹ̀lú àlọ́ òrúkú tindí tindí tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò. Kí wọ́n gbé àtẹ kan kalẹ̀ tí àgbàdo, ẹ̀pà àti ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n pa àlọ́ náà, kí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ pa ẹnu mọ́, kí wọ́n sì máa gbé àtẹ náà káàkiri. Ọmọ tí kò lè fi ẹnu dáhùn yóò mú ẹ̀wà kan, yóò gbé e sókè. Ọmọ tí kò ríran dáadáa yóò mú un sún mọ́ ojú títí yóò fi rí ibi dúdú ara rẹ̀, tàbí kí ó fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àgbàdo àti ẹ̀pà. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ yóò rí àyè rò ó. Àwọn méjì tó já fáfá kò pàdánù nǹkan kan, nítorí pé olùkọ́ lè ní kí wọ́n pa àlọ́ tuntun lórí ohun mìíràn tó wà nínú àtẹ, iṣẹ́ tó le ju ìdáhùn lọ nìyẹn.

Àwọn ọmọ kan wà tí ariwo ń da ara wọn láàmú, tí wọn yóò fi ọwọ́ bo etí tàbí kí wọ́n sá jáde bí gbogbo kíláàsì bá ké “Ààlọ̀!” lẹ́ẹ̀kan náà. Lára wọn ni àwọn tí àwọn dókítà sọ pé wọ́n ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ràn ohun tó ń wáyé bákan náà ní gbogbo ìgbà, àlọ́ àpagbè sì ní èyí púpọ̀: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, ègbè rẹ̀ ń padà wá ní àyè rẹ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ó fi ọwọ́ sọ fún un pé ariwo ń bọ̀, kí àwọn yòókù sì gba ohùn wálẹ̀. Kí ó ya ìtàn náà sórí káádíbọ́ọ̀dù ní ìpele ìpele, kí ó máa tọ́ka sí ibi tí a dé, kí ọmọ náà lè rí i pé òpin ń bọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a pa àlọ́ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àwa àgbà ló ń sú. Kì í sú ọmọ kékeré. Ní ti ọmọ tí kì í jókòó, òun ni kí a fún ní ìkòkò láti gbé yí agbo ká. Kí a sì jọ̀wọ́ yé pè é ní emèrè, nítorí pé orúkọ yẹn ń lé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju bí àìjókòó rẹ̀ ti ń ṣe lọ.

Ní Sábó níbí àti ní àwọn abúlé ọ̀nà Oríire, a ní àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Hausa tàbí Fúlàní ni wọ́n ń sọ nílé. A tún ní àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn kì í sọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ sí wọn, tí àlọ́ sì ṣòro fún ju bí ó ti ṣòro fún ọmọ Sábó lọ. Ègbè ni ẹnu ọ̀nà wọn. Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn náà yóò kọ́kọ́ mọ ègbè, yóò mọ ìkòkò àti ikùn tó wú, ọ̀rọ̀ yóò sì máa tẹ̀lé wọn. Mo sì máa ń jẹ́ kí ọmọ Hausa fi “Ga ta, ga ta nan” bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ó sọ nípa Gizo, aláǹtakùn tí í ṣe ẹlẹ́tàn inú àlọ́ tiwọn, kí àwọn ọmọ Yorùbá lè rí i pé Ìjàpá ní ẹlẹgbẹ́. Ẹni tó bá rò pé èdè ilé ń fa ọmọ sẹ́yìn, kí ó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

N kò sọ pé kò sí ọmọ tó nílò ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe tàbí olùkọ́ tó kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àìlera rẹ̀. Wọ́n wà, iṣẹ́ ńlá sì ni irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ohun tí mo ń ta kò ni kí a máa fi ìṣòro díẹ̀ lé ọmọ jáde níbi àlọ́ kí olùkọ́ tó gbìyànjú ohunkóhun. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, àwọn aṣojú ìjọba 92 péjọ ní ìlú Salamanca ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n sì fẹnu kò pé ilé-ẹ̀kọ́ gbogboogbò ni ó yẹ kí ó gba ọmọ tó ní ìpèníjà, kí ẹ̀kọ́ sì yí padà láti bá ọmọ mu. Ní ilé níbí, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 lòdì sí yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Bí ọmọ bá ní ẹ̀tọ́ láti wà ní kíláàsì, ó ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó ń lọ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nípa ìdánwò, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ máa fi ìwé kíkọ nìkan fi hàn pé òun gbọ́ àlọ́. Kí a jẹ́ kí èyí tó lè ya àwòrán yà á, kí èyí tó lè to àwọn ohun inú agbọ̀n tẹ̀léra wọn tò wọ́n, kí èyí tó lè kọrin kọ ọ́, kí a sì fún gbogbo wọn ní máàkì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni pé nígbà tí wọ́n bá tún ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwa olùkọ́, kí wọ́n má fi gbogbo ọjọ́ náà kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ìwé ìlànà iṣẹ́. Federal College of Education, Special, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, wà ní ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn sí Ogbómọ̀ṣọ́. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ èdè ọwọ́, wọ́n mọ ìwé àwọn afọ́jú, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ kólòlò. Kí a pè wọ́n wá bá wa jókòó fún ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú àlọ́ gidi àti ọmọ gidi níwájú wa. Kí àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ sì máa wá yẹ etí àti ojú àwọn ọmọ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí olùkọ́ lè mọ ẹni tí yóò jókòó sí iwájú.

Olóòtú wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin náà. Bí ààyè bá lè wà, ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, níbi tí àwọn olùkọ́ yóò ti máa fi àlọ́ kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tún un tò: ohun tí wọ́n kó sínú agbọ̀n, ibi tí wọ́n dá orin sí, irú ọmọ tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Olùkọ́ tó wà ní Ìkòyí-Ilé yóò lè lo èyí tí ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ ti dán wò. Àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ, pẹ̀lú àwòrán ìpele ìpele rẹ̀, ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì ṣe tán láti fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan,
Ogbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.